Bolette àti Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Ojú Ọ̀run

Ẹnu Bolette ló jẹ́ kí gbogbo ayé fẹ́ràn rẹ̀, ẹnu kan náà ló sì kó bá a. Ní ilé ẹja Nunaarsuk, abúlé wa létí òkun dídì, níbi tí àwọn obìnrin ti ń la ikùn ẹja láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ìjà ni wọ́n fi ń du àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí ẹni tó bá dúró ti Bolette kì í mọ ìgbà tí òtútù wọ òun níka. Bí kò bá pa ìtàn ajá tó jẹ bàtà àlejò, á máa sín ìrìn olùkọ́ jẹ. Opó ni. Aviaja, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti lọ́kọ, oyún àkọ́kọ́ ló sì wà nínú rẹ̀ ní ọdún 1989 tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, wọ́n ti kìlọ̀ fún yín ní kékeré pé ẹ má súfèé lálẹ́. Wọ́n kìlọ̀ fún àwa náà. Tiwa ni pé bí èèyàn bá súfèé, àwọn tó wà lókè á gbọ́, wọ́n á sì sún mọ́lẹ̀. Nígbà òtútù, tí oòrùn bá ti fi wá sílẹ̀ tí kò ní yọjú fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé a máa ta lójú ọ̀run, á ká, á nà, á sáré láti orí òkè dé orí òkun. Àwọn Agbábọ́ọ̀lù là ń pè é. Àwọn òkú wa ni. Agbárí ẹran òkun ńlá kan, tí eyín rẹ̀ gùn bí apá ọmọdé, ni wọ́n ń gbá kiri. Ẹni tó bá ń súfèé sí wọn, orí tirẹ̀ ni wọ́n lè wá mú lọ́jọ́ tí agbárí yẹn bá fọ́.

Àwọn bàbá wa wo ìmọ́lẹ̀ yìí, ẹ̀rù bà wọ́n. Bolette wò ó, ó ní: "Ta ló ń borí?"

Ìbéèrè yẹn ló di eré. Kò sí ilé tí kò ní rédíò kékeré alásọ̀rọ̀sí lábúlé wa. Òun la fi ń mọ ẹni tó ti orí òkun dídì dé àti ẹni tí kọfí rẹ̀ ti hó. Bí a bá ti jẹun alẹ́ tán, Bolette á wọ ẹ̀wù onírun rẹ̀, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á gbé rédíò sẹ́nu, á sì máa ròyìn bọ́ọ̀lù náà fún gbogbo ilé. Ó pín wa sí méjì. Ẹni tí wọ́n bí nígbà tí oòrùn kò sí, Ọmọ Òkùnkùn ni. Ẹni tí wọ́n bí nígbà tí oòrùn wà, Ọmọ Oòrùn ni. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ya lu òkè tó fọ́ síbẹ̀, Ọmọ Òkùnkùn ti jẹ góòlù. Bí ó bá já sórí òkun, Ọmọ Oòrùn ló jẹ ẹ́. Ẹgbẹ́ tó bá fìdí rẹmi ni yóò gbé àáké lọ sí ìdí òkè yìnyín tó há sínú òkun ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n gbẹ́ èyí tí a máa yọ́ mu, kí wọ́n sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà àwọn tó borí.

Ó fi ìtàn sí i. Ìyá àgbà kan wà lókè tó máa ń fi aṣọ bo bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, tí á ní òun ò rí i. Ọdẹ kan wà tí kò léyín, tí kò sì dákẹ́ ẹjọ́. Ajá kan wà tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹgbẹ́ tó wà. Alaalẹ́ ni ìtàn wọn ń gùn sí i. Hendrik olùkọ́, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé, tó sì ń ṣáájú àdúrà lọ́jọ́ ìsinmi, sọ fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kò dáa kí a máa fi òkú ṣeré. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, rédíò ilé rẹ̀ ló kọ́kọ́ pariwo "Góòlù!" Ọmọ Oòrùn ni.

Ẹni tó gbádùn eré náà jù ni Ìyá Amaalia, arúgbó tó ń dá gbé nísàlẹ̀ òkè. Kò dá gbé tẹ́lẹ̀. Pavia, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ló ń bá a gbé, aṣọ́lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nunaarsuk, ọmọkùnrin tó ń fò bí ẹyẹ. Ní oṣù Bélú tí òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì, ó kó ajá rẹ̀ lọ ọdẹ, omi dídì sì já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Àwọn ajá rẹ̀ padà wálé, òun ò padà.

Lọ́dọ̀ wa, bí èèyàn bá kú, orúkọ rẹ̀ náà a lọ sinmi. A kì í pè é. Ó ń dúró de ọmọ tuntun tí wọn yóò fi sọ, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin; bí wọ́n bá ti sọ ọ́, ẹni tó lọ ti padà dé nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ ọmọ ní Babátúndé, ẹ ò ní bi mí ní ìdí rẹ̀. Títí ọmọ náà yóò fi dé, "ẹni tó lọ" là ń wí. Kódà, ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ kan náà á gbé tirẹ̀ sílẹ̀. Pavia mìíràn wà lábúlé, ọdẹ kan tí ajá rẹ̀ pọ̀ ju ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Láti oṣù Bélú ló ti di Baba Ajá, inú rẹ̀ ò sì dùn sí i rárá.

"Wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ mi," á máa wí, "bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé."

Eré Bolette ló kọ́kọ́ mú Ìyá Amaalia rẹ́rìn-ín láti ìgbà náà. Ọmọ Òkùnkùn ni, ìjàngbọ̀n sì ni.

"Bolette!" ohùn rẹ̀ á já sórí rédíò. "Ṣé ojú ń dùn ọ́ ni? Góòlù wa nìyẹn!"

"Ó kan òpó, ìyá, ó padà."

"Òpó wo? Ta ló ri òpó mọ́jú ọ̀run? Rẹfirí olè!"

"Ìyá, ẹ má bú rẹfirí. Màá lé yín jáde."

"Lé mi kí n rí ọ! Inú ilé mi ni mo wà!"

Báyìí ni a ṣe ń ṣe títí oòrùn fi padà, tí Ẹrẹ́nà fi dé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àwọn Agbábọ́ọ̀lù ya wèrè. Wọ́n ń sáré, wọ́n ń tàn, àwọ̀ elésè-àlùkò wọnú àwọ̀ ewé, Bolette náà sì gbàgbé ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀! Ọmọ Oòrùn ti já gbogbo wọn sílẹ̀, ó ku òun àti aṣọ́lé! Ó gbá a! Áà! Wọ́n mú un! Ta ló mú un? Pavia ni! Pavia fò, Pavia mú un!"

Ẹyin lohùn. Ó ti balẹ̀ kí ó tó mọ ohun tó sọ. A gbọ́ ìró kékeré kan lórí rédíò, bí ìgbà tí èèyàn bá pa àpótí dé, gbogbo wa la sì mọ rédíò ẹni tí wọ́n pa.

Bolette sáré lọ láìwọ ìbọ̀wọ́. Ó kan ilẹ̀kùn títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹnu mi ló yọ̀. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi."

"Ọmọ mi ń sinmi," Amaalia wí láti inú ilé. "Ìwọ lọ jí i. O ní kó dìde wá gbá bọ́ọ̀lù kí àwọn èèyàn lè rí nǹkan fi ṣẹ̀rín."

"Mi ò rò ó, ìyá. Mo ń wòkè ni, mo ṣáà rí i bí ó ṣe máa ń fò—"

"O rí i?" arúgbó náà ní. "Èmi ìyá rẹ̀, ojoojúmọ́ ni mò ń wo ibẹ̀. Mi ò tíì rí i. Máa lọ sílé ẹ, Bolette. Má wá mọ́."

Eré parí. Láràárọ̀, kí Bolette tó lọ sílé ẹja, á gbẹ́ yìnyín, á gbé e sí ẹnu ọ̀nà Amaalia. Amaalia kò fọwọ́ kàn án. Ìrì dídì tó wà lẹ́yìnkùlé ló ń bù yọ́ mu, bó tilẹ̀ ń rùn bí ajá. Yìnyín Bolette bẹ̀rẹ̀ sí í ga bí ògiri níwájú ilé náà, kò sì sí ẹni tó kọjá tí kò rí i. Ní ilé ẹja, obìnrin náà pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ìka gbogbo wọn tutù.

"Bolette, sọ nǹkan kan," Baba Ajá bẹ̀ ẹ́ nígbà tó gbé ẹja wá. "Kódà kó jẹ́ irọ́." Bolette gba ẹja náà, ó ń la ikùn rẹ̀ lọ.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló rí. Aviaja ti lọ sí ilé ìwòsàn ní Aasiaat, ìlú tó wà lódìkejì òkun, bí àwọn obìnrin wa ṣe ń lọ bí oṣù bá ti pé. Rédíò ńlá tó wà ní ilé ìwé la fi ń bá ìlú sọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, etí gbogbo abúlé ló ń sọ ọ́ sí. Bolette tò dé iwájú.

"Aviaja, ara ẹ ńkọ́?"

"Ara mi le, màmá. Ọmọ yìí kàn ń ta mí nípàá ni."

"Ó dáa. Gbọ́. Orúkọ tí o máa sọ ọmọ yẹn..." Ó dúró. Báwo ni èèyàn ṣe ń tọrọ orúkọ tí kò gbọdọ̀ pè? "Ẹnìkan wà tó lọ nínú oṣù Bélú. Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Ta ni, màmá?"

"Ẹni tó lọ! Ẹni tó... ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù mú!"

"Ẹni tí èmi àti ẹ̀ jọ ń jẹ́ nǹkan kan náà!" Baba Ajá kígbe láti ẹ̀yìn.

"Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kó gbọ́ mi! Aviaja, mo mọ̀ pé ìwọ àti ọkọ rẹ ti ní orúkọ lọ́kàn. Mo bẹ̀ ọ́. Ti ìyá tó wà nísàlẹ̀ òkè ni mò ń sọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni mo fẹ́ tún ṣe, mi ò sì ní ohun mìíràn tí mo lè fi tún un ṣe."

Aviaja bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn, ariwo kan bí epo tó ń dín nǹkan sì wọ inú rédíò, ó gbé ohùn rẹ̀ mì. Hendrik yí èyí, ó gbá tọ̀hún. Ariwo yẹn ṣáà ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà a wòkè, a ò rí nǹkan kan. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, ìràwọ̀ kún un, ṣùgbọ́n agbábọ́ọ̀lù kan kò sí níbẹ̀. Alẹ́ kejì, bákan náà. Àwọn àgbà sọ ohun tí àgbà máa ń sọ: ó pe ọ̀kan, gbogbo wọn bínú lọ. Kódà àwọn tó fẹ́ràn eré náà jù lọ ló ń wí bẹ́ẹ̀. Rédíò ńlá dákẹ́, rédíò kékeré dákẹ́. Bolette mọ ẹni tó pa kékeré lẹ́nu mọ́, ó sì ń bẹ̀rù pé òun náà ló pa ńlá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ̀rù bà á débi pé kò lè jẹun. Orúkọ tí wọ́n jí lójú oorun, tí kò rí ara wọ̀, kí ni yóò ṣe fún obìnrin tó ń rọbí? Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń gbẹ́ yìnyín rẹ̀ lọ láràárọ̀.

Ó ní kí Baba Ajá fi ọkọ̀ ajá gbé òun lọ sí Aasiaat. Ọkùnrin náà wo ojú òkun, ó mi orí.

"Àárín ibẹ̀ ò dì dáadáa. Bí mo bá bọ́ sómi, orúkọ kan ṣoṣo lẹ máa sin lẹ́ẹ̀mejì."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Hendrik lu agogo ilé ìwé. Rédíò ńlá ti là. A rọ́ lọ. Ọkùnrin tó ń bójú tó rédíò ní ìlú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ń pa á. Ó ní ìjì kan ló ti ara oòrùn jà, kì í ṣe ìjì afẹ́fẹ́, ìjì iná ni. Òun ló pa gbogbo rédíò lẹ́nu mọ́. Ó ní ìjì yẹn ló ti ìmọ́lẹ̀ wa lọ síhà gúúsù, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, àwọn èèyàn tí wọn ò rí i rí láyé wọn sì ń pe àwọn panápaná. Ní Aasiaat gan-an, ojú ọ̀run ṣófo bíi tiwa.

Baba Ajá pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i? Wọn ò bínú o! Ìdíje òkèèrè ni wọ́n lọ gbá!"

Yàrá náà dà rú fún ẹ̀rín. Bolette ò rẹ́rìn-ín. Ó gba ẹnu rédíò lọ́wọ́ Hendrik, kò tọrọ àyè.

"Aviaja ńkọ́?" ó ní. "Ọmọ mi ńkọ́?"

A dúró. Ohùn Aviaja dé, ó rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ́ geere.

"Màmá, mo ti bí. Obìnrin ni. Ara wa le. Mo gbọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, màmá, ìdáhùn mi ni ò dé ọ̀dọ̀ yín. Pavia ni. Pavia lorúkọ ẹ̀."

Baba Ajá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọmọdé.

"Mo ti padà!" ó ní. "Ẹ pè mí! Kí ẹnìkan pè mí!"

"Pavia!" gbogbo yàrá kígbe. "Pavia! Pavia!"

Bolette ti jáde ní tirẹ̀. Ó sáré gba àárín àwọn ajá kọjá, ó dé ìdí òkè, ó yí ògiri yìnyín ká, ó kan ilẹ̀kùn.

"Mo ní o má wá mọ́."

"Ìyá, ọmọ yín ti dé."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí, kò sì ṣí tán.

"Kí lo wí?"

"Aviaja ti bí ní Aasiaat. Obìnrin ni. Pavia ni wọ́n sọ ọ́. Ọmọ yín ti dé, ìyá."

Amaalia di férémù ilẹ̀kùn mú. Bolette rò pé yóò ké, tàbí kó pe Ọlọ́run. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wo ojú Bolette, ó sì béèrè bí ìyá ṣe ń béèrè ọmọ tó pẹ́ lójú òkun:

"Ṣé ara ẹ̀ ti gbẹ?"

Ìbéèrè náà kò kọ́kọ́ yé Bolette. Nígbà tó yé e, ó di ọwọ́ arúgbó náà mú.

"Ó ti gbẹ, ìyá. Ó gbẹ dáadáa. Wọ́n ti fi aṣọ wé e, ara ẹ̀ gbóná."

"Ó dáa," Amaalia wí. "Ó dáa. Torí omi yẹn tutù."

Ìgbà yẹn ló tó sunkún. Àwọn méjèèjì dìrọ̀ mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà, ooru ilé ń bá òtútù lọ, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò ka èyí sí. Nígbà tó ṣe, Amaalia fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì wo ohun tó wà níta bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

"Kí ni gbogbo èyí tó dí mi lójú ọ̀nà? O dúró! Wá ràn mí lọ́wọ́ ká gbé e wọlé. Ọmọ mi dé, gbogbo abúlé ń bọ̀ wá mu kọfí, kí ni kí n fi sè é, itọ́?"

Yìnyín yẹn la mu lọ́jọ́ náà, gbogbo àárọ̀ tí Bolette fi gbé e wá, nínú ife kọfí, pẹ̀lú kéèkì àti ẹja gbígbẹ, títí ilé Amaalia fi kún tí àwọn tó kù ń mu tiwọn lórí ìdúró níta. Baba Ajá, mo fẹ́ wí Pavia alájá, mu ife tí kò lóǹkà, torí pé ẹni tó bá fi orúkọ pè é ló ń dá lóhùn, ó sì ń jókòó tì í.

Kò pẹ́ tí àwọn Agbábọ́ọ̀lù fi padà. Ní ìrọ̀lẹ́ tí a kọ́kọ́ rí wọn, ohùn kan já sórí rédíò kékeré.

"Bolette! Eré ti bẹ̀rẹ̀, rẹfirí ń sùn!"

Bolette jáde pẹ̀lú ẹ̀wù onírun lórí aṣọ ilé. Ó gbé rédíò sẹ́nu. Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkèèrè dé ni, ó ti rẹ̀ wọ́n, eruku ilẹ̀ tí kò mọ ìrì dídì ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ó ní oòrùn ibẹ̀ ló pa ara wọn pupa. Ó ní ìyá àgbà yẹn jí èso kan bọ̀ tí kò mọ orúkọ rẹ̀, abẹ́ aṣọ ló fi pa mọ́ sí, ọdẹ tí kò léyín sì ń bínú pé kò sí bí òun ṣe lè bù ú jẹ. Bí ó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ìmọ́lẹ̀ ńlá kan ya láti orí òkè, ó sáré, ó já sórí òkun.

"Ìyá," Bolette wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "góòlù ni fún Ọmọ Oòrùn. Ilé yín ṣófo. Kò sí aṣọ́lé níbẹ̀."

Gbogbo wa dúró de èébú.

"Mo mọ̀," Amaalia dáhùn. "Pavia ti kúrò níbẹ̀. Ó wà ní Aasiaat, ó ń mu ọmú." Ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ máa gbá a wọlé! Ẹ gbá gbogbo ẹ̀ wọlé!"

Wọ́n gbá a wọlé lóòótọ́. Ọmọ Òkùnkùn ò tíì fìdí rẹmi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó yọ, Ìyá Amaalia ló kọ́kọ́ gbé àáké léjìká lọ sí ìdí òkè yìnyín, ó ń kan ilẹ̀kùn àwọn yòókù bó ṣe ń kọjá, ó ń pariwo pé kí wọ́n dìde, iṣẹ́ wà.